Ara Mi Le, Bàbá. Fíìmù Ni Mò Ń Tọrọ Owó Fún

Bàbá mi, olówó orí ìyá mi,

Ọmọ yín obìnrin àkọ́bí ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Mi ò ní béèrè àlàáfíà yín, nítorí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè àlàáfíà òkú. Tèmi ni màá sọ fún yín: ara mi le. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o, nítorí gbogbo Ìkirè ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún mi tán lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ó sì lè jẹ́ pé ẹ ti ń retí mi lọ́hùn-ún. Ẹ má tẹ́ ẹní kankan. Mi ò tíì ń bọ̀.

Kì í ṣe èmi ni mò ń kọ lẹ́tà yìí. Ẹ mọ ìdí ẹ̀. Mọ́ríyámọ̀ ló ń bá mi kọ ọ́, ọmọ tí ọmọ mi obìnrin bí, tí mo wò dàgbà nínú ilé yín níbí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Tí mo bá ní ẹ ṣe mí níkà, kó má lọ kọ pé ẹ ṣe àṣìṣe.

Iṣẹ́ fíìmù ni Mọ́ríyámọ̀ ń ṣe. Kì í ṣe àwọn gígùn tí wọ́n ń pè ní apá kìn-ín-ní, apá kejì. Kúkurú ni tirẹ̀. Kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ agbada kan tó jinná, ó ti parí. Kò ní ọ̀gá, kò sì sí ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló ń rò ó, òun ló ń kọ ọ́, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń gbé kámẹ́rà kiri inú oòrùn. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó bi mí pé kí ló dé tí èmi ò mọ̀wé, nígbà tí Làmídì àbúrò mi ṣe tísà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Mo sọ fún un. Ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní òun máa fi ṣe fíìmù. Mo ní kó fi ṣe é.

Mi ò béèrè lọ́wọ́ yín nígbà yẹn, mi ò sì béèrè báyìí. Mò ń sọ fún yín ni.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ náà, àbí ẹ ti gbé e jù sílẹ̀ níbí kí ẹ tó lọ? Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ni mò ń gbé ní Àpòmù. Òun ló mú mi lọ sí ilé-ìwé láìbi yín, torí pé ìwé ọ̀fẹ́ ti dé, ẹnikẹ́ni ò ní san kọ́bọ̀. Mo ti mọ a, b, d. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń di ẹfun mú kó má baà dá. Tísà ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kálukú máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ara rẹ̀.

Ẹ ti kẹ̀kẹ́ yín dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Ẹ wúkọ́ bí ẹ ṣe máa ń wúkọ́ kí ẹ tó wọlé ẹnikẹ́ni, mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni kí n tó gbójú sókè. Ẹ ò pariwo. Ẹ ṣí fìlà, ẹ kí tísà dáadáa. Ẹ ní ìyá mi ti bí ọkùnrin, kò sì sí ẹni tí yóò máa pọn ọmọ tí ìyá bá ń dín dòdò létí títì. Tísà bẹ̀ yín. Ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti ṣòkòtò funfun rẹ̀, eruku sì gbé e. Ẹ gba síléètì lọ́wọ́ mi, ẹ fi lé e lọ́wọ́, ẹ gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́.

Lọ́nà, ẹ dúró, ẹ ra ẹ̀pà fún mi. Kí ló dé tí ẹ rà á? Mo ti ń bi ara mi láti ìgbà náà. Ẹni tó dá lójú pé òun ò jẹ̀bi kì í ra ẹ̀pà fún ọmọ. Mi ò jẹ ẹ́. Mo dì í mọ́wọ́ títí a fi dé Ìkirè, mò ń wo òógùn tó ń tàn ká ẹ̀yìn dàńṣíkí yín. Ẹ ò bojú wẹ̀yìn rárá. Ṣé ọ̀nà lẹ ń wò ni, àbí ẹ ò fẹ́ kí n rí ojú yín? Kí oòrùn tó wọ̀, Làmídì ti wà lẹ́yìn mi.

Ohun tó wà nínú fíìmù náà nìyẹn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ó ń gba owó. Wọ́n máa háyà kámẹ́rà àti iná. Àwọn òṣìṣẹ́ máa jẹun. Wọ́n máa wá kẹ̀kẹ́ àtijọ́ àti aṣọ àtijọ́. Mọ́ríyámọ̀ ní ọ̀nà kan wà lórí ẹ̀rọ ayélujára: èèyàn á sọ ohun tó fẹ́ ṣe, ẹni tó bá wù á dá díẹ̀, ẹlòmíràn á dá díẹ̀, títí yóò fi tó. Mo ní ọ̀wẹ̀ nìyẹn. Ṣebí ẹ̀yin náà pe ọ̀wẹ̀ nígbà tí ẹ ń kọ́ ilé yìí, tí àwọn èèyàn yín wá láti Wásinmi wá bá yín po amọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ àwọn ará ọ̀wẹ̀ tòun ò ní rí ojú ẹni tó pè wọ́n. Mo ní ọ̀wẹ̀ tí wọn ò ti rí ojú ẹni, ta ni yóò jẹ́ ẹ? Ó ní ìdí tí òun fi fẹ́ ya ojú mi nìyẹn.

Ó gbé mi jókòó ti ògiri. Ó ní kí n má wo kámẹ́rà, kí n má dijú nítorí oòrùn, kí n má jẹ obì. Ó ń yí kámẹ́rà síwá sẹ́yìn, ó sì ń fi òyìnbó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, torí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ló fẹ́ kó gbọ́ ọ. Ó sú mi. Mo fi ọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin ì bá ti gbá ọwọ́ náà kúrò. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí mo bá jókòó bẹ́ẹ̀ ní kékeré, ẹ á ní, “Ta ló kú?” Kò sí ẹni tó gbá ọwọ́ mi lọ́jọ́ yẹn.

Bàbá, ní ayé tí a wà yìí, tí èèyàn bá rí arúgbó nínú fóònù tó fọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí ọmọdé ń sọ òyìnbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí nọ́ńbà àkáǹtì wà lábẹ́ wọn, kò sí ẹni tó ń béèrè mọ́. Wọ́n á ní àìsàn kídìnrín ni, owó ìwòsàn ni wọ́n ń tọrọ.

Ìyá Ṣadé ló kọ́kọ́ dé, aládùúgbò wa tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi àdúrà rù, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Màmá, apá ibo ló ń dùn yín?”

“Kò síbì kankan.”

“Ẹ má fi pamọ́ fún mi, Màmá. A ti rí i nínú fóònù. Mo ti fi tèmi ránṣẹ́ sí àkáǹtì. Ẹ ṣáà mu omi yìí.”

Òùngbẹ ń gbẹ mí, mo mu omi náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wọlé. Àwọn kan gbé ọsàn wá, àwọn kan gbé àgbo. Ẹnì kan ti Ararọ̀mí-Òwu fi iṣu ránṣẹ́. Lẹ́mọ́mù ṣàdúrà fún mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Èmi tí mo dín dòdò ní àárọ̀ ọjọ́ náà, tí mo sì bá awakọ̀ kan jà lórí ṣénjì! Owó ń wọlé sí àkáǹtì Mọ́ríyámọ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn, ó rò pé ìlú wa ti fẹ́ràn fíìmù.

Nígbà tí Làmídì dé, ẹkún ló ń sun. Alájì Làmídì yín, tó ti hu ewú. Ó di ọwọ́ mi mú.

“Àǹtí mi, kí ló dé tí mo fi ní láti gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta?”

“Kí lo gbọ́?”

“Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Dókítà tó dáa wà ní Ìbàdàn. Mo ti kọ́kọ́ fi nǹkan sí àkáǹtì náà.”

“Làmídì, jókòó. Kò sóhun tó ń ṣe mí. Fíìmù ni.”

Mo sọ ohun tó wà nínú fíìmù náà fún un, títí dé orí ẹ̀pà. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ mi bí ẹni di irin gbígbóná mú.

“Bàbá wa? Ẹ fẹ́ gbé Bàbá sínú fóònù kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ máa pè é ní ìkà?”

“Bó ṣe rí ni mo fẹ́ gbé e.”

“Àdúrà là ń ṣe fún òkú, Àǹtí.”

“Mò ń ṣe é. Àdúrà ò sì ní kí n pa ẹnu mi dé.”

Kò dágbére. Ó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn láàárín àwọn mọ̀lẹ́bí, pé ẹni tó bá ti dá owó kó gbà á padà, pé ara mi le, pé orúkọ yín ni a fẹ́ tà. Ó kúkú ṣe mí lóore kan, ó jẹ́ kí wọ́n dẹ́kun àti máa gbé àgbo wá. Àmọ́ fóònù Mọ́ríyámọ̀ ò sinmi mọ́. Wọ́n ń gba owó wọn. Mo ní kí ó dá a padà fún gbogbo ẹni tó bá béèrè, kó sì dá ti Làmídì padà láìdúró kó béèrè. Ìyá Ṣadé wá fúnra rẹ̀. Ó gba owó rẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà.

“Màmá, kẹ́ẹ̀gì mi ńkọ́?”

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì fún un. Mo ní kó má bínú, omi ibẹ̀ ti tán.

Nígbà tó yá, ohun tó kù nínú àkáǹtì náà ò lè háyà kámẹ́rà ọjọ́ kan. Mọ́ríyámọ̀ wá jókòó tì mí. Ó ní òun ti rò ó, òun lè yí ìtàn náà padà: kí ọkùnrin tó wá mú ọmọ náà jẹ́ àbúrò bàbá rẹ̀, kí ó jẹ́ ìlú míì, kí Bàbá-Àgbà Làmídì lè jẹ́ kí àwọn mọ̀lẹ́bí dá owó. Kọ ọ́, Mọ́ríyámọ̀, má wò mí. Ìwọ lo sọ ọ́.

Mo ní tí kì í bá ṣe bàbá mi, kì í ṣe èmi náà nìyẹn, kó lọ wá ìyá àgbà míì tí yóò fi ṣe fíìmù. Bàbá, mi ò gbójú kúrò lára yín nígbà tí ẹ wà láyé. Mo fi omi wẹ̀ yín nígbà àìsàn yín, èmi tí ẹ kò jẹ́ kí n kàwé, nígbà tí àwọn tó kàwé wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ẹni tó wẹ èèyàn lè sọ bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí. Mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Lọ́jọ́ Sunday, mo wọ aṣọ mi, mo lọ bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ní àsàláátù. Nígbà tí wọ́n ṣàdúrà tán, mo dìde.

“Ẹ̀yin ìyá, ara mi le. Kò sí kídìnrín kankan tó ń dùn mí. Fíìmù ni ọmọ mi fẹ́ ṣe, nípa bí bàbá mi ṣe yọ mí kúrò ní ilé-ìwé Àpòmù kí n lè wá pọn àbúrò mi. Ẹni tó bá dá owó torí àìsàn, kó wá gbà á, mi ò ní bínú. Ẹni tó bá fẹ́ dá a torí ọmọ tí wọ́n yọ yẹn, kó fi sílẹ̀. Mo ti sọ tèmi.”

Mo ti ń wá bàtà mi nígbà tí Ìyá Àdínì, tó dàgbà jù nínú wa, la ẹnu.

“Ìwọ, ọmọ ni wọ́n yọ ọ́ fún. Èmi, ewúrẹ́ ni.”

“Ewúrẹ́ báwo, Ìyá?”

“Ewúrẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n ní kò sí ẹni tí yóò máa dà wọ́n lọ jẹko.”

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn, “Ewúrẹ́ sàn! Èmi, ọkọ ni!”

Ẹ̀rín bẹ́. Bàbá, a rẹ́rìn-ín títí àwọn ọkùnrin tó wà níta fi yọjú. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan ń fi ìborùn nu ojú, kì í sì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló fa omi ojú náà. Obìnrin tí mo ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí a jọ ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ ẹni kan náà, mi ò mọ̀ pé ó dé kíláàsì kẹta rí. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé a pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹ̀yin bàbá jọ máa ń sọ ọ́ láàárín ara yín ni, àbí kálukú ń dá ṣe tirẹ̀?

Wọn ò gba owó wọn. Owó kékeré ni, àmọ́ wọ́n tún fi kún un. Ẹni tí wọ́n yọ fún ọkọ ní kẹ̀kẹ́ ọkọ náà ṣì wà nínú iyàrá ní Ararọ̀mí-Òwu, pé ó pẹ́ tí òun ti ń wá iṣẹ́ tí kẹ̀kẹ́ náà máa ṣe fún òun. Àwọn kan ní àwọn máa dáná fún àwọn òṣìṣẹ́. Ìyá Àdínì ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́, kí ewúrẹ́ òun náà wà níbẹ̀. Mọ́ríyámọ̀ ní ewúrẹ́ máa kọjá níwájú ilé-ìwé. Ìyá ní kó má sáré kọjá o.

Mọ́ríyámọ̀ wá ṣàlàyé pé orúkọ gbogbo ẹni tó bá dá sí i máa jáde ní ìparí fíìmù. Ìyá Àdínì fajú ro.

“Kí ni màá fi orúkọ tí mi ò lè kà ṣe? Ẹ lè kọ ti ẹlòmíì síbẹ̀, kí ẹ ní tèmi ni. Ìka mi ni kí ẹ gbé síbẹ̀. Mo mọ ìka mi.”

Bó ṣe di pé wọ́n wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi nìyẹn, gbogbo wọn, wọ́n ń ti àtàǹpàkò bọ yíǹkì, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé funfun tí Mọ́ríyámọ̀ máa yà sí ìparí fíìmù. Wọ́n ń bá ara wọn jà, pé tèmi yìí rẹwà ju tìrẹ lọ. Ìyá Ṣadé gbọ́ ariwo, ó yọjú. Nígbà tó rí i, ó ní wọ́n yọ òun náà, nígbà tí bàbá òun kú. Ó ti dá owó rẹ̀ padà kí ó tó jókòó. Kẹ́ẹ̀gì nìkan ni kò gbé padà.

Wọ́n ti lọ tán nígbà tí Làmídì dé. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó wúkọ́. Ikọ́ yín ni.

“Àǹtí mi, lóòótọ́ ni pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kí wọ́n tó bí mi?”

“Mo ti sọ fún ẹ. O ò gbọ́ ni?”

“Mo rò pé Mọ́ríyámọ̀ ló fi kún un kí fíìmù lè dùn. Wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ lọ. Pé ilé-ìwé ò wù yín.”

“Ta ló sọ ọ́?”

Ó ń wo ilẹ̀.

Bàbá, ṣé ẹ sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹ jókòó ti ọmọ tí mo pọ̀n, tó tọ̀ sí mi lẹ́yìn títí aṣọ mi fi gbó, ẹ sì sọ fún un pé ilé-ìwé ò wù mí? Mo lè dárí yíyọ jì yín. Iṣẹ́ pọ̀, ìyá mi ò lágbára, mo mọ̀. Èyí, màá ṣì gbé e lọ́wọ́ díẹ̀. Tí a bá ríra, ẹ máa dáhùn.

Làmídì fa ìwé náà mọ́ra. Ó wò ó pẹ́. Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sínú yíǹkì. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

“Ìwọ kọ́. Wá bírò. Ìwọ mọ̀wé; kọ orúkọ rẹ. Mo ti san owó ẹ̀.”

Ó kọ ọ́. Ọwọ́ tó fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ló fi kọ ọ́. Mọ́ríyámọ̀ kà á fún mi. Làmídì ló kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà ó kọ orúkọ yín, torí pé orúkọ yín ni gbogbo àwọn ọmọ yín tó kàwé fi ń parí tiwọn láti ilé-ìwé. Nítorí náà, Bàbá, ẹ wà níbẹ̀. Láàárín gbogbo àtàǹpàkò wa, orúkọ kan ṣoṣo tó wà ní kíkọ, tiyín wà nínú rẹ̀. Ẹ ti dá sí fíìmù náà. Ẹ ò lè ní ẹ ò mọ̀ sí i.

Ọ̀la ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í yà á ní Àpòmù. Bíríkìlà kan ló máa ṣe ẹ̀yin. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ikọ́ yín. Ó kọ́kọ́ ń wú u bí ẹni tí àyà ń dùn, mo ní rárá, ikọ́ ọ̀wọ̀ ni. Mọ́ríyámọ̀ béèrè bóyá kí òun yọ ẹ̀pà kúrò, pé ó lè da àwọn òǹwòran láàmú. Mo ní kò gbọdọ̀ yọ ọ́. Ẹni tó bá yọ ẹ̀pà, ó ti sọ yín di ìkà ju bí ẹ ṣe jẹ́ lọ. Kí wọ́n ra ẹ̀pà náà. Kí ọmọ náà má sì jẹ ẹ́.

Mọ́ríyámọ̀ ní òun lè kọ́ mi ní orúkọ mi kí n fi parí lẹ́tà yìí. Mo ní kó fi sílẹ̀. Kí ẹ rí ohun tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi.

Èmi ni, ọmọ yín tí ara rẹ̀ le, tó ń bá yín jà, tó sì fẹ́ràn yín.

Àtàǹpàkò mi ló wà nísàlẹ̀ yìí.